Ìkòkò Ẹ̀wà Faransé ní Arímọgíjà

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ ní ọjọ́ Sátidé tí mo gbéra láti Ọ̀wọ̀ lọ sí Arímọgíjà. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni. Ọkọ mi bá mi gbé àpò dé ẹnu géètì, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí inú búùtù ọkọ̀ kí awakọ̀ lè rí ibi tó máa to ẹrù sí, ó sì bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá ó dá mi lójú pé mo fẹ́ lọ. Mo ní ó dá mi lójú. Kò dá mi lójú rárá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi dìde. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí mi, ìgbéyàwó ló gbé mi dé Ọ̀wọ̀, ó sì ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní oúnjẹ sísè nínú yàrá ńlá kan lẹ́yìn ilé wa. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà mẹ́fà ni mo máa ń gbà. Mò ń kọ́ wọn ní oúnjẹ ilé, mo sì ń kọ́ wọn ní ti òkèèrè, nítorí àwọn tó fẹ́ wá iṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì nílò rẹ̀. Lára ti òkèèrè yìí ni ọbẹ̀ ẹ̀wà àwọn ará Faransé kan tí wọ́n ń pè ní kásúlè: ẹ̀wà funfun tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹran oríṣiríṣi nínú ìkòkò kan ṣoṣo, tí wọ́n wá da èérún búrẹ́dì bò lójú títí tó fi máa gan. Inú ìwé ni mo ti kọ́ ọ. Lọ́dọọdún ni mo ń kọ́ wọn ní irú rẹ̀ tó yá, èyí tí èèyàn lè sè nílé láàárín wákàtí kan bí ẹ̀wà bá ti rọ̀ tẹ́lẹ̀. N kò sì jẹ ẹ́ rí ní ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìn àjò yìí, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Dúpẹ́, tọ́ ọbẹ̀ náà wò lórí tábìlì mi, ó sì gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin ti jẹ ti àwọn tó ni ín rí, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tún fi kún un pé Kútọnu ni mo ti jẹ ẹ́. N kò dé Kútọnu rí. Ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún yòókù wà lára mi, ẹnu mi sì yá ju ọkàn mi lọ.

Inú Ìyá Dúpẹ́ dùn kọjá bí mo ṣe rò. Ó ní àbúrò bàbá òun kan wà ní Arímọgíjà tó ṣe kúùkù fún ìdílé Faransé kan ní Àbíjáànù fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ojú bàbá náà ti fọ́ báyìí, ṣùgbọ́n ó ṣì ń se ẹ̀wà yìí, kò sì tíì rí ẹnì kan láti ìgbà tó ti padà wálé tó jẹ ẹ́ rí níbòmíràn, tó lè sọ fún un bóyá ó ṣì rí bó ṣe yẹ kó rí. Kí n tó mọ ohun tí màá wí, ó ti pè é lórí fóònù, ó ti sọ pé tíṣà òun tó jẹ kásúlè ní Kútọnu fẹ́ wá tọ́ tirẹ̀ wò. Mo gbọ́ ohùn bàbá náà. Kò pariwo. Ó kàn ní kí n jọ̀ọ́ má pẹ́ kí n tó wá, pé òun á rẹ ẹ̀wà sílẹ̀ dè mí.

Bí mo ṣe wọ ọkọ̀ ní ìdájí ọjọ́ náà nìyẹn, pẹ̀lú sọ́sééjì páálí méjì nínú kúlà, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ náírà ní páálí kan, àti búrẹ́dì ńlá kan tí mo fẹ́ fi kí wọn.

Fẹ́mi ni awakọ̀ náà ń jẹ́, ọmọ Ìpele, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì la dúnàádúrà sí fún àlọ àti àbọ̀, epo sì wà lọ́rùn rẹ̀. A gba ọ̀nà Ìfọ́n. Ọ̀dà wà lójú títì, ihò náà sì wà, Fẹ́mi sì mọ gbogbo ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yà fún wọn kí iná ọkọ̀ tó kàn wọ́n. Ìkùukùu bo ilẹ̀ débi pé orí igi nìkan là ń rí. Ní ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí èèyàn bá dúró lójú títì ní òwúrọ̀, ojú rẹ̀ á lọ jìnnà lórí pápá títí tó fi máa kan òkè. Níbí, igbó wá bá èèyàn lẹ́bàá ọ̀nà. Igi kòkó ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, lẹ́yìn wọn ni igi ńláńlá tí n kò mọ orúkọ wọn. Nígbà tí oòrùn yọ, kò yọ láti ilẹ̀ bíi tilé wa. Ó yọ láti àárín ewé, ó pín sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, ìkùukùu náà sì di wúrà yí wa ká. Mo ní kí Fẹ́mi dín eré kù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ojoojúmọ́ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dín in kù.

Nígbà tó ṣe, ó bi mí ohun tí mo ń lọ ṣe. Mo ní mò ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà. Ó wò mí láti inú dígí, ó ní ṣé ẹ̀wà tí gbogbo èèyàn ń sè. Mo ṣàlàyé pé kò ní epo pupa, kò ní ata rodo, kò sì ní edé. Ó ronú lé e fún bíi máìlì kan, ó wá ní kí n má bínú, ṣùgbọ́n ohun tó kù kò jọ ẹ̀wà létí òun.

A yà ní Ìfọ́n, a ra bọ̀ọ̀lì méjì àti ẹ̀pà lọ́wọ́ ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá iná, ẹgbẹ̀rún kan náírà fún gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ la ti kúrò lójú ọ̀dà. Ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà tó kù, òjò sì ti gé e sí wẹ́wẹ́. Níbì kan, omi dúró láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Fẹ́mi sọ̀ kalẹ̀, ó ká ṣòkòtò, ó fi ẹsẹ̀ rìn ín já kó tó wa ọkọ̀ gba inú rẹ̀. Gbogbo ìgbà yẹn ni mo ń ro ohun tí màá sọ fún bàbá náà. Mo ti ṣètò rẹ̀: màá tọ́ ọ wò, màá mi orí, màá ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí ní Kútọnu. Inú rẹ̀ á dùn, n ó sì padà sílé. Mo rò pé kò ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́sàn-án lù nígbà tí a dé. Bàbá ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dè wá. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Ìyàwó rẹ̀, Màmá, jáde wá kí wa, ó bá bàbá sọ̀rọ̀ ní èdè ìlú wọn, ó sì bá mi sọ Yorùbá. Mo kúnlẹ̀. Bàbá na ọwọ́, ó bá ọwọ́ mi, ó sì fi àtàǹpàkò rẹ̀ wo àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ó ní, "Ọwọ́ tó ń gé àlùbọ́sà nìyí. Káàbọ̀, Tíṣà."

Ó dìde, ó rìn láìmú ọ̀pá kọjá àgbàlá lọ sí ilé ìdáná, ó bẹ orí rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí àtẹ́rígbà ti kúrú, ó sì dúró síbi tó yẹ kó dúró, níwájú ààrò. N kò mọ̀ bóyá mo lè sọ bí ohun tó tẹ̀ lé e ṣe rí fún yín kí ẹ gbà mí gbọ́.

Ẹ̀wà náà wà nínú abọ́ tánńganran. Sèsé ni, èyí tí àwọn kan ń pè ní pọ̀pọ̀ndó, funfun, pẹlẹbẹ, tí ń fà mọ́ ọgbà lẹ́yìn ilé wọn. Wọ́n ti rẹ ẹ́ mọ́jú, wọ́n ti bọ̀ ọ́, wọ́n ti da omi àkọ́kọ́ nù nítorí omi yẹn kò dára fún inú, wọ́n sì ti tún un sè títí tó fi rọ̀. Bàbá ní bí èèyàn bá ti ní ẹ̀wà tó rọ̀, iṣẹ́ tó kù kò ju èyí tó lè ṣe lẹ́yìn tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó mú ọ̀bẹ. Ó gé àlùbọ́sà méjì, kárọ́ọ̀tì méjì àti aáyù mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, ìka rẹ̀ ń ká sẹ́yìn níwájú ojú ọ̀bẹ. Ó bu ọ̀rá pẹ́pẹ́yẹ sínú ìkòkò irin dúdú, ó sì tẹ orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó ní kí n gbọ́. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ó da àlùbọ́sà sí i, ó ní kí n gbọ́ báyìí. Ó ní tó bá ń pariwo bí òjò lórí páànù, iná ti pọ̀ jù. Ó fi ẹsẹ̀ ti igi kan jáde kúrò nínú ààrò, ariwo náà sì rọ̀ di ohun tó jọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nínú yàrá kejì. "Dúùsìmáà," ó wí, ìyẹn ni pé díẹ̀díẹ̀ ní Faransé. Ó ní ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ìyá ilé tí òun ṣiṣẹ́ fún kọ́ òun nìyẹn.

Tòmátì mẹ́ta tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà táìmù, àti lọ́ríè kan, èyí tí í ṣe ewé gbígbẹ líle tí àwọn alásè wa ń fi sínú ìrẹsì. Ó já sọ́sééjì mi, ó gbóòórùn rẹ̀, kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ó sì gé e sínú ìkòkò. Màmá gbé ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ méjì wá tí wọ́n ti fi èéfín yan láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀wà wọlé kẹ́yìn pẹ̀lú omi tí wọ́n fi sè é. Nígbà tí ó hó tó bó ṣe fẹ́, ó fi ọwọ́ rún búrẹ́dì gbígbẹ sórí rẹ̀, ó dé e, ó sì fi ẹ̀mú kó ẹyin iná sórí ìdérí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mọ́kànlá, kò sí èyí tó jábọ́ níbẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè ìkòkò láti mọ bí ooru ṣe tó. Ó jókòó sórí àpótí, ó tún tẹ́tí. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ó dìde ó ní ó ti gan, pé òun gbọ́ ọ. Mo ṣí i. Ojú rẹ̀ ti pọ́n bí àkàrà, ó ń hó díẹ̀díẹ̀ ní etí. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń lo ẹ̀rọ ìyan olówó gọbọi fún ohun yìí, kò sì gan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi rí.

A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fẹ́mi náà gba tirẹ̀. Mo bu ṣíbí kan sẹ́nu. Ẹ̀wà náà ṣì wà ní odindi, bí mo sì ṣe pa ẹnu dé ni ó yọ́. Gbogbo ohun tí mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn, ọ̀nà jíjìn ló wà sí ohun tó wà lẹ́nu mi yìí. Nígbà tí mo gbójú sókè, bàbá kò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ tirẹ̀. Ó kọjú sí mi, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó ń dúró.

Ó ní, "Tíṣà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí ní Kútọnu?"

Irọ́ tí mo ti ṣètò láti Ìfọ́n wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tó ń kó ẹyin iná. N kò lè fi irọ́ sí ọwọ́ yẹn.

Mo ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí. N kò dé Kútọnu rí. N kò jẹ ẹ́ níbì kankan rí. Mo parọ́ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni."

Fẹ́mi dẹ́kun jíjẹ. Bàbá gbé ọwọ́ kúrò lórí orúnkún.

"Kò sí ibì kankan?"

"Kò sí, sà."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó ní ọdún mẹ́rìndínlógún ni òun ti ń dúró de ẹnì kan. Gbogbo ẹni tó bá jẹ ẹ́ níbí a máa ní ó dùn, ahọ́n òun fúnra rẹ̀ sì ti ń dàgbà, òun kò fọkàn tán an mọ́. Ó dìde, ó wọ inú ilé, ó sì fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀.

Ojú ti mí débi pé mo fẹ́ kó àpò mi. Mo wo Màmá, mo ní kí èmi àti Fẹ́mi máa lọ. Màmá kò bá mi wí. Ó bu ẹ̀wà kún àwo mi, ó ní ẹnikẹ́ni kì í kúrò nílé òun láìjẹun tán, ó sì jókòó tì mí. A gbọ́ tí omi ń dà nínú ilé. Lẹ́yìn àkókò díẹ̀ bàbá jáde, omi ṣì wà ní irun àgbọ̀n rẹ̀. Ó wá àga rẹ̀ rí, ó jókòó.

Ó ní, "Tún un jẹ. Sọ ohun tó ń ṣe lẹ́nu rẹ fún mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń dé. Má fi ìwé kún un."

Mo di ojú mi. Mo jẹ ẹ́. Mo ní èéfín ló kọ́kọ́ dé. Mo ní lẹ́yìn èéfín ni ọ̀rá, lẹ́yìn ọ̀rá ni ẹ̀wà, àti pé aáyù wà níbì kan lẹ́yìn wọn ṣùgbọ́n n kò rí i dáadáa.

"Èéfín ló kọ́kọ́ dé?" Ó tẹ̀ síwájú lórí àga. "Ó dá ẹ lójú?"

Mo ní ó dá mi lójú. Ó fi ọwọ́ gbá orúnkún rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré tí kò fẹ́ tán. Ó ní ẹ̀yìn ló yẹ kí èéfín wà, kó dé nígbà tí èèyàn bá ti gbé e mì. Ó yíjú sí Màmá, ó ní láti ìgbà tí ojú òun ti fọ́, tí òun kò rí àwọ̀ ẹran náà mọ́, òun ti ń yan án pẹ́ jù nítorí ẹ̀rù kó má baà bàjẹ́. Mo ronú lórí rẹ̀ lójú ọ̀nà àbọ̀, mo sì rí i pé ká ní mo ti mi orí mi bí mo ṣe fẹ́ ṣe, bàbá yẹn ì bá ti máa yan ẹran náà jù títí ayé rẹ̀.

Ó ní ká padà sí ilé ìdáná. Ẹ̀wà ṣì kù. Lọ́tẹ̀ yìí èmi ni mo dúró sídìí ààrò, òun sì jókòó sórí àpótí. Ó ní kí n fi omi gbígbóná fọ ẹran pẹ́pẹ́yẹ tó kù, kí n bó awọ rẹ̀ kúrò, kí n má sì fi í sínú ìkòkò títí ẹ̀wà fi máa hó. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ àlùbọ́sà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni iná mi pọ̀ jù, ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ fún mi kí n tó mọ̀. Láti orí àlùbọ́sà títí dé orí búrẹ́dì tó gan, kò tó wákàtí kan.

Nígbà tí mo tọ́ ọ wò, ẹ̀wà ló kọ́kọ́ dé, ó dé pẹ̀lú aáyù. Tòmátì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹran. Mo gbé e mì, mo rò pé ó ti tán, èéfín náà wá dé jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn ọ̀fun. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó na ọwọ́, mo gbé ṣíbí lé e lọ́wọ́. Ó jẹ ẹ́. Mo rí omi tó jáde ní ojú tí kò ríran mọ́ náà, kò nù ún.

"Vualà," ó wí, ìyẹn ni pé, òun nìyí. Ó tún un sọ ní èdè ìlú wọn fún Màmá, Màmá sì gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ ọwọ́. Mo bojú wo ibòmíràn.

Aago mẹ́ta ọ̀sán la kúrò. Màmá fún mi ní sèsé kóńgò kan, àti díẹ̀ tó ti rọ̀ nínú ike. Fẹ́mi ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bu díẹ̀ fún òun lọ sí Ìpele, kò sì sọ̀rọ̀ epo pupa mọ́. Òjò ká wa mọ́ ojú ọ̀nà ilẹ̀ pupa, a dúró lábẹ́ igi kan fún ogójì ìṣẹ́jú, mo sì ń gbọ́ bí òjò náà ṣe ń dún lórí ọkọ̀, mo ń gbìyànjú láti mọ ìgbà tó pọ̀ jù àti ìgbà tó rọ̀.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a wọ Ọ̀wọ̀. Ọkọ mi kò tíì jẹun. N kò bọ́ aṣọ ọ̀nà, mo lọ sí ìdí gáàsì, mo gé àlùbọ́sà, mo tẹ orí mi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó bi mí ohun tí mo ń gbọ́. Mo ní kó dúró ná. Kí wọ́n tó parí ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n, oúnjẹ ti délẹ̀. Ó jẹ ṣíbí kan, ó fẹ́ ní ó dùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ pé ó dùn, kó sọ ohun tó kọ́kọ́ dé. Ó wò mí pẹ́, ọkùnrin tó ti fi ọdún méjìlélógún kọ lẹ́tà ìjọba, ó wá di ojú rẹ̀ bí mo ṣe ní kó ṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó jẹun pẹ̀lú ojú dídì.

Ohun tí mo mú bọ̀ láti Arímọgíjà nìyẹn. Mo ti rò pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ni gbọ́dọ̀ ti dé ibi gbogbo. Bàbá náà kò nílò ẹni tó dé ibi kankan. Ẹni tó máa sọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ gan-an ló ń wá.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, kí a tó tan iná kankan, mo dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo sì sọ fún wọn pé n kò dé Kútọnu rí. Ìyá Dúpẹ́ dìde, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ẹ wá fi bí wọ́n ṣe ń sè é hàn wá."